Ìdáhùn fún ọmọ-ọmọ ìyá eléwé: ohun tó wà nídìí ewé Kamikatsu

Ìbéèrè: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ìyá tó bí ìyá mi ta ewé eéran lọ́jà ju ogún ọdún lọ. Mo fi fídíò kan hàn wọ́n lórí fóònù mi: ìyá arúgbó kan ní Japan ń já ewé lóko, ó ń wo tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù mẹ́wàá yen, owó ilẹ̀ Japan. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ funfun báláú ni. Ṣé òótọ́ ni sà? Níbo ni ìlú náà wà, báwo ni ọ̀rọ̀ ewé ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣé ewé yìí náà ló sì ń bọ́ gbogbo ìlú?"

Bá mi kí màmá dáadáa. Sọ fún wọn pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa ronú pé àwọn fi ogún ọdún ṣòfò nídìí ewé, nítorí ìyá kan ṣoṣo ni fídíò yẹn fi hàn yín, kò fi ìlú hàn yín. Ìlú lo béèrè, ọ̀rọ̀ ìlú náà ni n ó sọ.

Kamikatsu ni orúkọ rẹ̀. Nínú erékùṣù ńlá mẹ́rin tí Japan dúró lé, Shikoku ló kéré jù. Ìpínlẹ̀ Tokushima, tí wọ́n ń pè ní Awa láyé àtijọ́, wà ní ìhà ìlà-oòrùn Shikoku. Tí o bá wọkọ̀ láti olú-ìlú ìpínlẹ̀ yìí, tí ẹ tẹ̀lé odò Katsuura gba apá òkè lọ, nǹkan bíi wákàtí kan ni ẹ ó fi dé ibẹ̀. Rélùwéè kò dé ìlú náà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 110 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ènìyàn lè nasẹ̀ sí. Tí a bá pín in sọ́nà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ igbó, àwọn òkè kan níbẹ̀ sì ga ju mítà 1,400 lọ. Abúlé kéékèèké bíi 55 ló rọ̀ mọ́ ara òkè wọ̀nyí. Àwọn kan wà nísàlẹ̀ létí odò, níbi tí gíga ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 100 lọ. Àwọn mìíràn wà lókè réré ní mítà 700.

Fi ọ̀rọ̀ gíga yẹn pamọ́ sọ́kàn. Àwọn tó ń sọ ìtàn Kamikatsu sábà máa ń fò ó kọjá, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tó ń gbé ìlú náà kò tó 1,400, ó sì lé ní ìdajì wọn tó ti kọjá ọmọ ọdún 65. Ní 1955, nígbà tí wọ́n da abúlé méjì, Fukuhara àti Takahoko, pọ̀ láti sọ wọ́n di ìlú Kamikatsu, èrò ibẹ̀ lé ní 6,000. Níbi tí ènìyàn márùn-ún wà nígbà náà, ẹnì kan àti díẹ̀ ló kù. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan àti girama kékeré kan ló wà níbẹ̀, kò sí girama àgbà. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 15 tó sì fẹ́ tẹ̀síwájú, ìlú mìíràn ló máa gbà lọ, kì í sábàá padà. Òní kọ́ ni àìpadà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 tí ilé iṣẹ́ Osaka àti Tokyo ti ń gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ ni àwọn abúlé òkè Japan ti ń dá ṣófo, Kamikatsu kàn jẹ́ ọ̀kan lára wọn ni.

Kí ni àwọn tó kù ń jẹ? Igi ni wọ́n gbójú lé ní àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Japan nílò pákó láti fi tún àwọn ìlú tí bọ́ǹbù jó kọ́. Ìjọba rọ àwọn ará òkè pé kí wọ́n gbin igi sugi, ẹ̀yà sídà kan tó máa ń ga tààrà bí òpó. Wọ́n ṣán igbó àdáyébá, wọ́n fi sugi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi yìí ń fẹ́ ogójì sí àádọ́ta ọdún kó tó gbó fún gígé. Kí ó tó gbó, Japan ti ṣí ibodè rẹ̀ sílẹ̀ fún pákó òkèèrè ní 1964, nígbà tó sì fi máa di àwọn ọdún 1980, owó pákó ìbílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Bàbá gbin igi sílẹ̀ fún ọmọ. Nígbà tí igi tó gé, owó tí ọmọ máa ná lórí gígé rẹ̀ àti gbígbé e sọ̀kalẹ̀ lórí òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó tó máa rí nídìí rẹ̀ lọ. Àwọn igi náà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àlejò máa ń dúró ya fọ́tò òkè tó ṣú dùdù yẹn, á ní ẹwà igbó àtayébáyé nìyí. Kò mọ̀ pé oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀, oko tó ti sú olóko rẹ̀.

Ohun kejì ni ọsàn mikan, èyí tó jọ táńjarín-ìn tiwa. Àfonífojì odò Katsuura lókìkí nídìí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní Kamikatsu ló sì fi ń rán ọmọ níwèé. Ní oṣù kejì ọdún 1981, òtútù kan dé tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, ó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 13 nísàlẹ̀ òdo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo igi ọsàn ìlú náà tán. Igi ọsàn kì í ṣe ẹ̀wà tí èèyàn máa tún gbìn lójò tó ń bọ̀. Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tí oko ọsàn rẹ̀ kú lọ́jọ́ kan, ó di dandan kó tún ìgbésí ayé rẹ̀ ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan wà nílùú nígbà náà tó ń jẹ́ Tomoji Yokoishi. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó dé ní 1979, wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ pé kí ó máa gba àwọn olóko nímọ̀ràn. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà, o sì mọ bí ó ṣe máa ń rí kí ọmọdé tó ti ìlú ńlá dé máa kọ́ bàbá ẹni ní iṣẹ́ oko. Lẹ́yìn ikú àwọn ọsàn, òun àti àwọn àgbẹ̀ sáré wá ohun tí yóò tètè mówó wọlé, wọ́n lọ sórí ẹ̀fọ́ àti olú shiitake. Wọ́n rí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan kò lọ: iṣẹ́ alágbára ni. Igi tí wọ́n ń gbin olú sí lára wúwo. Àwọn tó kù nílé sì ni àwọn ìyá àgbà.

Ní 1986, Yokoishi lọ ṣòwò ní Osaka. Ó jókòó sí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta sushi, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja. Níbi tó ti ń jẹun, ó rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan nítòsí rẹ̀ tí ewé pupa kan nínú àwo oúnjẹ wọn ń dùn mọ́. Ewé momiji ni, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yà bí ìka ọmọ ìkókó. Ọ̀kan nínú wọn mú un, ó nù ún, ó fi áńkáṣífù wé e, ó gbé e lọ sílé. Yokoishi ronú pé irú ewé yìí kún orí òkè Kamikatsu, àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ewé ń wá nínú àwo, kí màmá má baà rò pé wọ́n fi ń pọ́n oúnjẹ. Nínú oúnjẹ ìbílẹ̀ Japan tó jẹ́ ti olówó, bí oúnjẹ ṣe rí lójú jẹ́ apá kan adùn rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí ọdún dé fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n á fi ewé ọparun tẹ́ ẹja lé, wọ́n á fi ẹ̀ka kékeré tí òdòdó ume, igi eléso kan, wà lára rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n á fi ewé òṣíbàtà gbé ohun tútù nígbà ooru. Tsumamono ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí Kamikatsu tó wọ̀ ọ́, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn alásè ni wọ́n sábà máa ń rán lọ já a nínú igbó.

Nígbà tí Yokoishi padà délé tó ní kí àwọn èèyàn máa kó ewé wá, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ará Japan ní ìtàn kan nípa tanuki, ẹranko igbó kan tó jọ ajá tó sì gbọ́n bí ìjàpá wa. Tanuki máa ń sọ ewé di owó, á fi ra nǹkan, nígbà tí ọlọ́jà bá fi máa ṣí àpótí owó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ewé gbígbẹ ló máa bá níbẹ̀. Tokushima gan-an sì ni ìtàn tanuki pọ̀ sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun máa sọ ewé di owó níbẹ̀, o mọ ẹni tí wọ́n máa fi í wé. Ojú tún ń ti àwọn mìíràn pé kí aládùúgbò rí àwọn níbi tí àwọn ti ń ṣa ohun tó já bọ́ nílẹ̀. Ilé mẹ́rin péré ló gbà láti bá a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọjà náà ní Irodori, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ "àwọ̀ tó fi ẹwà kún nǹkan". Gbogbo owó tí wọ́n rí lọ́dún àkọ́kọ́ kò ju mílíọ̀nù kan yen àti díẹ̀ lọ.

Ìdí tí kò fi tà ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, màmá á sì tètè yé e ju àwa tó kàwé lọ. Ewé tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń já a kò mọ ohun tí ẹni tó ń rà á máa fi ṣe. Yokoishi bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ jẹun káàkiri àwọn ilé oúnjẹ olówó gọbọi, ó ń wo àwo. Ó rí i pé ewé tó tóbi ju àwo lọ kò wúlò, bí ó ti wù kó lẹ́wà tó. Ó rí i pé tí àlejò mẹ́wàá bá jókòó yí tábìlì kan, ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ jọra bí ìbejì, nítorí kò sí àlejò tó fẹ́ kí ti ẹnìkejì dára ju tòun lọ. Ó tún rí i pé ìgbà tó ń bọ̀ ni alásè fẹ́ kéde, kì í ṣe èyí tó wà lóde. Kí òdòdó ṣẹ́rì tó tanná lẹ́bàá ọ̀nà ló gbọ́dọ̀ ti wà nínú àwo. Tó bá ti tanná káàkiri ìgboro, ta ló tún fẹ́ sanwó fún un?

Ibí ni gíga tí mo ní kí o fi pamọ́ ti wọlé. Bí èèyàn bá ṣe ń gun òkè, òtútù máa ń pọ̀ sí i, nǹkan bíi 0.6 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan. Láàárín ilé tó wà ní mítà 100 àti èyí tó wà ní mítà 700, ìyàtọ̀ náà ju ìwọ̀n mẹ́ta lọ. Ewé tó ti pọ́n lókè kò tíì pọ́n nísàlẹ̀, òdòdó tó ti tán nísàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lókè. Ìlú kan ṣoṣo wá dà bí ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó lè máa kó irú ewé kan náà fún àkókò gígùn. Bí o bá fi ìyẹn kún àwọn igi tí wọ́n dìídì gbìn yí ilé ká, àti ẹ̀ka igi tí wọ́n ń kó sínú ilé ọ̀rá kí òdòdó rẹ̀ lè tètè yọ, wàá rí bí ohun tí wọ́n ń tà ṣe lé ní 300 oríṣi. Òkè tó lé àwọn ọmọ lọ, tí kò jẹ́ kí katakata ṣiṣẹ́ lóko, òun náà ló di irinṣẹ́ fún àwọn ìyá àgbà. Ewé kò wúwo. Ẹni 80 ọdún lè gbé ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lọ́wọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ rí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ewé kì í pẹ́ rọ, alásè sì lè nílò ohun kan lọ́la tí kò rò lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi ìwé ìbéèrè ọjà ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan nípasẹ̀ ẹ̀rọ fáàsì tó wà lórí rédíò tí ìlú fi ń kìlọ̀ ìjì àti ìmìtìtì ilẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, wọ́n kó kọ̀ǹpútà wá, wọ́n ṣe bọ́tìnnì rẹ̀ díẹ̀ kó lè rọ àgbàlagbà lọ́rùn. Ní 1999 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Irodori sílẹ̀, tí ìjọba ìlú ní ìpín nínú rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì dé lẹ́yìn náà. Láàárọ̀, ìbéèrè á jáde: páálí báyìí ewé báyìí, ìwọ̀n báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Á sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ já a, á tò ó sínú páálí, á gbé e dé ibùdó ẹgbẹ́, ọkọ̀ àti bàálù á sì gbé e lọ sí ọjà Osaka àti Tokyo. Nínú ẹ̀rọ yẹn kan náà, ìyá lè wo iye tí ọjà ń lọ, ó lè wo ipò tó wà láàárín àwọn tó ń tà. Yokoishi mọ ènìyàn o. Kò sí ohun tó ń yára gbé ìyá arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì bíi kó gbọ́ pé òun ti bọ́ sí ipò kẹtàdínlógún.

Ní báyìí, jẹ́ ká ṣírò owó, nítorí ibẹ̀ ni fídíò ti ń tan èèyàn jẹ. Iye tí ewé ń pa fún Kamikatsu lọ́dún nígbà tí ọjà bá dára tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 260 yen. Ká ní ilé 150 ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Pín in: ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 fún ilé kan, kí a tó yọ owó páálí, owó ọkọ̀ àti ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ kúrò. Owó gidi ni fún arúgbó, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹni tó ń kọ́lé tó sì ń tọ́ ọmọ ní Japan lè gbójú lé. Àwọn tó ń pa mílíọ̀nù mẹ́wàá wà lóòótọ́, wọ́n kéré níye, àwọn ló ní igi púpọ̀, ọwọ́ tó yá, àti ojú tó ti mọ ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn náà sì ni ẹni tó ń ya fídíò máa ń wá lọ. Ta ló fẹ́ ya ẹni tó já páálí mẹ́ta lónìí nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún? Ọjà náà tún lẹ́gẹ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé ilé oúnjẹ mọ́ ní 2020, àwọn tó ń béèrè ewé dín kù gan-an, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi ewé momiji ṣe oúnjẹ tó ń jẹ nínú yàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Nítorí náà, ewé kọ́ ló ń bọ́ gbogbo ìlú. Ohun tó gbé ìlú ró jù kò ní ẹwà tí èèyàn lè yà ní fídíò: owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó, àti owó tí ìjọba àpapọ̀ Japan ń pín fún àwọn ìlú tí owó orí wọn kò tó wọn ná. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré níbẹ̀. Bí owó yẹn bá dáwọ́ dúró lọ́la, ewé kò lè tún títì òkè ṣe tí erùpẹ̀ bá ya lù ú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tíì wà. Tíì yìí dùn mọ́ mi láti sọ, nítorí ìyá ológì yóò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Awa bancha ni wọ́n ń pè é. Àárín ooru ni wọ́n ń já ewé rẹ̀, nígbà tó ti gbó, kì í ṣe ọ̀jẹ̀lẹ́ bíi ti àwọn tíì mìíràn. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á rún un, wọ́n á kì í mọ́ inú àgbá, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ẹ̀yà kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ní 2021, ìjọba Japan fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é sínú àwọn àṣà ìbílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń dáàbò bò. Èso yuko náà wà, ọsàn kíkan kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ agbègbè yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Oko ìrẹsì onípele bí àtẹ̀gùn wà ní Kashihara. Tẹ́ńpìlì Jigenji wà lórí òkè pẹ̀lú ihò àpáta tóóró tí àwọn olùjọsìn máa ń fi àbẹ́là lọ́wọ́ rọra rá gbà kọjá. Wọ́n ń mú àlejò wá, kì í ṣe rẹpẹtẹ.

Ohun kan ṣì wà tó jẹ́ pé, ní òkèèrè, òun ló jẹ́ kí wọ́n mọ Kamikatsu ju ewé lọ: pàǹtírí. Mo mọ̀ pé o kò béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ìlú ni, kò ṣeé fò.

Títí di àwọn ọdún 1990, kòtò ńlá kan wà ní Hibigatani níbi tí gbogbo ìlú ń da ohun gbogbo sí, tí wọ́n ń dáná sun ún, láti orí ike dé orí ibùsùn. Nígbà tí òfin ń le sí i, ìlú ra iléru kékeré méjì ní 1998. Kò pẹ́ tí òfin tuntun fi dé lórí dioxin, májèlé tó ń tinú èéfín pàǹtírí jáde, àwọn iléru náà kò sì bá òfin mu mọ́. Nígbà tí ọdún 2000 fi máa parí, wọ́n ti tì wọ́n pa. Wàyí o, ìlú tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ wo iye tí iléru ńlá tuntun máa ná an, ó wo iye tí yóò máa san fún ìlú mìíràn láti bá a sun ún, ó sì rí i pé ohun tó dínwó jù ni kí pàǹtírí má sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya á sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ sí ọ̀nà 35 ní 2001. Ní 2003 wọ́n kéde pé tó bá di 2020 àwọn kò ní sun pàǹtírí tàbí rì í mọ́lẹ̀ mọ́; àwọn ni ìlú àkọ́kọ́ ní Japan tó ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń lọ síbẹ̀ ṣèwádìí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ ayé ló kún inú gbogbo wọn. Èmi kò sọ pé kò sí níbẹ̀ o, àìlówó ló ṣáájú ni mo wí.

Kò sí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí láti ojúlé dé ojúlé. Ìdọ̀tí ilé ìdáná kì í kúrò nílé, olúkúlùkù ló ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ìyókù, kálukú á fọ̀ ọ́, á gbẹ ẹ́, á gbé e lọ sí ibùdó, á yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀nà tó lé ní 40. Àwọn arúgbó tí kò ní ọkọ̀ ni wọ́n máa ń lọ bá nílé. Lára àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí: ibi tí ohun inú rẹ̀ ń lọ, ohun tí wọ́n máa fi ṣe, àti iye yen tí ìlú ń san tàbí tó ń gbà lórí kílò kan. Mo fẹ́ràn èyí gan-an. Ìyá tó bá ń ju bébà síbẹ̀ mọ̀ pé òun ń mówó wọlé, tó bá ju nǹkan mìíràn, ó mọ̀ pé ìlú máa sanwó. Nǹkan bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún pàǹtírí wọn ló ń padà sí lílò, nígbà tí ti Japan lápapọ̀ wà ní nǹkan bíi 20. Ọdún 2020 dé, wọn kò dé òdo. Ìdá kan nínú márùn-ún tó kù le: ìlédìí, bàtà, rọ́bà, àwọn ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe láìronú bí wọ́n ṣe máa tú u palẹ̀. Kò sí bí ìyá kan lórí òkè ṣe máa fi ọwọ́ tú bàtà tí ilé iṣẹ́ fi àtè lẹ̀.

Lọ́dún 2020 yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé tuntun sí ibùdó pàǹtírí, tí ó rí bí àmì ìbéèrè téèyàn bá wò ó látòkè. Àwọn fèrèsé àlòkù bíi 700 tí àwọn ará ìlú kó jọ ni wọ́n fi kọ́ ògiri rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì kékeré sì wà níbẹ̀ tí àlejò lè sùn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2015, wọ́n ti dá ilé ìpọntí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ti wá láti ìlú ńlá, àwọn kan kọ́ iṣẹ́ ewé lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà, àwọn kan dúró. Nígbà tí ìjọba Japan ń rọ àwọn ìlú kéékèèké pé kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, tí ìlú àti abúlé tó lé ní 3,200 dín kù sí nǹkan bíi 1,700, Kamikatsu dúró ní òun nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye èèyàn rẹ̀ ṣì ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ mẹ́wàá tó kó dé kò tó arúgbó ogún tó kú. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ewé ti gba Kamikatsu là, ó sáré sọ ọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ títí wọn fi dàgbà, ní ibi tó yẹ kó ti ṣófo.

Ó ku ti màmá. Wọn á fẹ́ mọ ìdí tí ewé tiwọn kò fi di mílíọ̀nù. Ewé eéran ń ṣiṣẹ́ gidi, ó ń pọ́n mọ́ín-mọ́ín, kò sí ẹni tó ń sanwó nítorí pé ó lẹ́wà. Ti Kamikatsu kò ṣiṣẹ́ kankan nínú àwo ju pé kí wọ́n wò ó lọ, àlejò tó sì ti fẹ́ san owó ńlá lórí oúnjẹ kì í bínú tí owó ewé bá wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò sí lọ́wọ́ ìyá eléwé kankan. Ṣùgbọ́n bá mi bi wọ́n ní ohun kan, kí o kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi, nítorí mi ò rí i kà níbì kankan: nígbà tí wọ́n ń tajà, kí ilẹ̀ tó mọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ìdì ewé tí àwọn ẹlẹ́kọ àti àwọn onímọ́ín-mọ́ín máa rà lọ́jọ́ náà?